Ẹ Má Tíì Pa Ti Àtijọ́ Rẹ́

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtìjú fún mi, nítorí pé èmi gan-an ni mo jẹ̀bi rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ó ṣe é, ǹ bá ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ fún yín tipẹ́tipẹ́.

Púpọ̀ nínú yín mọ̀ pé èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìdí Arẹ̀rẹ̀ níbí. N kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà, nítorí pé alága wa ń ka ìwé ìròyìn yìí. Àwọn oníṣòwò Ọjà'ba àti àwọn tíṣà ni ó pọ̀ jù nínú wa. Owó ni à ń dá jọ, owó ni à ń yá ara wa, ibi tí owó bá sì wà, ẹjọ́ kì í wọ́n níbẹ̀. Tẹ́lẹ̀ rí, ìwé ńlá kan ni a fi ń kọ ẹ̀sùn sílẹ̀, ìwé náà a sì máa sọnù nígbà tí ẹjọ́ bá gbóná. Nígbà tí ó yá, a gba ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní osTicket, èyí tí a kì í sanwó kí a tó lò ó. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ímeèlì ránṣẹ́ sí wa, tàbí tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sí ọ́fíìsì, ètò yìí yóò fún ẹ̀sùn rẹ̀ ní nọ́ńbà, yóò tọ́jú gbogbo ọ̀rọ̀ tí a bá jọ sọ lórí rẹ̀ títí dé orí àwòrán rìsíìtì, kò sì sí òṣìṣẹ́ tí ó lè sọ pé òun kò gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, ìjà dínkù láàárín wa.

Inú kọ̀ǹpútà ńlá kan ní kọ̀rọ̀ ọ́fíìsì ni ètò yìí ń gbé. Sáfà ni wọ́n ń pe irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀. Òun ni ó jókòó bí ìyá olóúnjẹ, tí gbogbo kọ̀ǹpútà yòókù ń wá bù nínú ìkòkò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti gbó. Iná a lọ, iná a dé, òun náà a kú, a tún jí. A bá pinnu pé kí a kó ẹrù rẹ̀ lọ sórí sáfà kan tí a háyà lọ́dọ̀ àwọn tí ń fi irú rẹ̀ ṣòwò, níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ iná tọ̀sán-tòru. Ìpinnu náà dára. Ọ̀nà tí a gbà ṣe é ni kò dára.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni a pè. Alẹ́ ọjọ́ Fúráìdé ni ó ṣe é. Ní àárọ̀ Sátidé ó pè mí lórí fóònù, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti parí o. Ẹ wá wò ó." Mo wò ó. Mo rí nọ́ńbà àwọn ẹ̀sùn, mo rí déètì wọn, gbogbo wọn tò lẹ́sẹẹsẹ bí ọmọ ilé-ìwé lórí ìlà. N kò ṣí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn kà. Nígbà tí ó di Mọ́ńdè, mo ní kí ó pa gbogbo ohun tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ rẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ẹnìkan ti rà á, a sì fi owó rẹ̀ ra àga fún ọ́fíìsì. Orí ọ̀kan nínú àwọn àga náà ni mo jókòó sí bí mo ti ń kọ èyí.

Òpin oṣù dé, a lẹ orúkọ àwọn onígbèsè mọ́ ògiri gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Ní ọjọ́ kejì, ìyá kan tí ń ta ọṣẹ dúdú l'Ọ́jà'ba wọlé tọ̀ mí wá. Kò kí mi.

"Akọ̀wé, kí ni orúkọ mi ń wá lára ògiri?"

Mo ní, "Màmá, ẹ jókòó ná."

"N kò jókòó. ₦85,000 ni ẹ ní mo jẹ. Ṣebí mo ti san án. Ṣebí ẹ̀yin náà ni ẹ kọ̀wé sí ọmọ mi pé ẹ ti rí i."

Òtítọ́ ni ìyá ń sọ. Ọ̀dọ̀ oní-POS ni ó ti san owó náà sínú àkáǹtì ẹgbẹ́. Nígbà tí akọ̀wé owó kò kọ ọ́ sí orúkọ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ya àwòrán rìsíìtì, ó fi ránṣẹ́, a sì dá a lóhùn pé a ó tún un ṣe. Kí a tó tún un ṣe ni a kó ẹrù. Ohun tí ó wá mú kí ọ̀rọ̀ náà le ni pé onídùúró ìyá yìí jẹ́ tíṣà kan tí ó kù díẹ̀ kí ó fẹ̀yìn tì. Bí ẹni tí ó yáwó kò bá san, inú owó onídùúró ni a ó ti yọ ọ́, òfin ẹgbẹ́ nìyẹn. Láti ìgbà tí ọmọ ìyá ti wà ní kíláàsì tíṣà yìí ni àwọn méjèèjì ti ń ṣe ọ̀rẹ́. Tíṣà ti rí ara ògiri ṣáájú ìyá, ó sì ti sọ ohun kan sí i lójú ọ̀nà tí kò ṣe é tún sọ níbí.

Mo wá nọ́ńbà ẹ̀sùn náà, mo rí i. Mo ṣí i. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni èyí: "Mo san owó náà ní ??s?? tó k?já nínú owó ??? tí mo tà."

Mo wò ó títí. Ọ̀sẹ̀ ti di àmì ìbéèrè, ọṣẹ ti di àmì ìbéèrè mẹ́ta gbáko. Owó nìkan ni kò bàjẹ́, ẹ kò rí ayé bí! Níbi tí ó yẹ kí àwòrán rìsíìtì wà, òfìfo ni. Mo béèrè rìsíìtì gan-an lọ́wọ́ ìyá. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú un jáde. Ẹ̀yin náà mọ irú ìwé tí wọ́n fi ń tẹ rìsíìtì POS, ooru ni a fi ń tẹ̀ ẹ́, ooru náà ni ó sì ń pa á rẹ́. Ó ti funfun báláú. Ní ti báǹkì, owó náà wọlé, ṣùgbọ́n orúkọ oní-POS ni ó bá a wọlé, oní-POS yìí sì ń ṣe ti ọgọ́ọ̀rọ̀ ènìyàn lóòjọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, nítorí pé ó lè ṣẹlẹ̀ sí ilé-ìwé yín tàbí sí ṣọ́ọ̀bù yín lọ́la. Ibi mẹ́ta ni ẹrù irú ètò yìí wà. Dátábéèsì ni ọ̀kan, òun ni ìwé ńlá àtijọ́ yẹn tí ó wọ inú kọ̀ǹpútà lọ: orúkọ, nọ́ńbà, ọ̀rọ̀, déètì. Fódà tí àwọn àwòrán wà nínú rẹ̀ ni èkejì. Bí a bá fi osTicket sílẹ̀ bí ó ti wà, inú dátábéèsì náà ni yóò máa kó àwòrán sí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ́kọ́ tò ó fún wa ti ní kí ó máa kó wọn sí fódà lọ́tọ̀, kí ìwé ńlá má baà wúwo jù. Ohun tí ó ṣe bọ́gbọ́n mu. Kò kàn kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn ni. Ẹ̀kẹta ni fáìlì bíńtín kan tí ń jẹ́ ost-config.php. Ẹ má fojú di í o. Kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí ètò náà fi ń ti ọ̀rọ̀ ìwọlé àpótí ímeèlì pa. Bí ẹ bá kó kúrò nílé tí ẹ gbàgbé kọ́kọ́rọ́ yìí, àpótí ímeèlì kò ní ṣí nílé tuntun. Ọmọ wa kó ti àkọ́kọ́ nìkan. Ọjọ́ mélòó kan ni ímeèlì fi ń rọ́ jọ sínú àpótí tí ètò tuntun kò rí i kà, àwa sì rò pé ara àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti balẹ̀ ni.

Ní ti àmì ìbéèrè, nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń kọ ẹ̀dà dátábéèsì jáde, irú lẹ́tà kan ni yóò fi kọ ọ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní utf8mb4 gba gbogbo lẹ́tà Yorùbá wọlé pẹ̀lú àmì orí wọn. Ṣùgbọ́n ògbólógbòó kan wà tí ń jẹ́ latin1, tí wọ́n ṣe fún àwọn èdè ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù. Ó mọ á, ó mọ à, ṣùgbọ́n kò mọ ẹ, kò mọ ọ, kò sì mọ ṣ. Ohun tí kò bá mọ̀, àmì ìbéèrè ni ó ń fi rọ́pò rẹ̀. Kò sì sí àbọ̀ níbẹ̀, nítorí pé àmì ìbéèrè kì í rántí lẹ́tà tí ó jẹ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó ń fi èdè òyìnbó nìkan kọ nǹkan lè kó ẹrù báyìí lẹ́ẹ̀mẹwàá kí ó má mọ̀ pé nǹkan kan bàjẹ́. Àwa tí à ń fi Yorùbá kọ̀wé ni ó ń jẹ níyà.

Bí a ti ń rojọ́ lọ́wọ́, ọmọbìnrin tí ń tẹ̀wé fún wa dìde, ó kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú o. Ẹ̀dà rẹ̀ kan wà nínú fílááṣì mi." Ó ti da gbogbo ẹrù sáfà àtijọ́ kọ, dátábéèsì àti fódà àti fáìlì kékeré yẹn, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tí a kó ẹrù, kí ó lè máa fi kọ́ iṣẹ́ nílé. Ó yẹ kí n bá a wí, nítorí pé orúkọ àti gbèsè ọmọ ẹgbẹ́ ni ó gbé kiri nínú báàgì, Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti ọdún 2023 kò sì gba irú rẹ̀. Mo bá a wí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì ni. Lọ́jọ́ náà, ọpẹ́ ni mo kọ́kọ́ dá.

Láti inú fílááṣì yìí ni àwọn lẹ́tà wa ti padà, tí àwòrán sì padà, títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù náà. Ẹ̀sùn ìyá ọlọ́ṣẹ dé lẹ́yìn rẹ̀ ní ọjọ́ kẹsàn-án. Inú àpótí ímeèlì ni a ti rí tirẹ̀. A lè sọ fún ètò yìí pé kí ó máa pa ímeèlì rẹ́ bí ó bá ti kà á tán, ṣùgbọ́n a kò sọ bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe ọgbọ́n ni ó mú wa ṣe é, ìgbàgbé ni. Lẹ́tà ọmọ ìyá ṣì wà níbẹ̀, àwòrán rìsíìtì sì wà lára rẹ̀: ₦85,000, ọjọ́, wákàtí àti nọ́ńbà. A fi wé ìwé báǹkì, ó bá a mu. A yọ orúkọ ìyá kúrò lára ògiri lójú ẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn tí ó gbé rìsíìtì wọn wá sí ọ́fíìsì fúnra wọn láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn ńkọ́? Àwa ni a ya àwòrán wọn sínú ètò, kò sí ímeèlì kankan fún wọn. Mọ́kànlélógún ni wọ́n. A ránṣẹ́ pè wọ́n. Mẹ́rìnlá mú ìwé tí ó ṣe é kà wá. Ti àwọn méje yòókù ti funfun bíi ti ìyá. Àwọn méje yìí ni kì í jẹ́ kí n sùn dáadáa.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn wá tù mí nínú. Ó ní kí n rántí Àlùfáà Samuel Johnson. Kúdẹtì níbí, tí kò jìnnà sí ibi tí mo jókòó, ni ó ti lo ìgbà èwe rẹ̀, ibẹ̀ náà ni ó sì ti ṣe tíṣà. Ó ju ogún ọdún lọ tí ó fi ń kó ìtàn ilẹ̀ Yorùbá jọ. Ó parí ìwé náà ní 1897. Ní 1899 wọ́n fi ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ni ó sì sọnù sí. Johnson kú ní 1901 láìfi ojú kan ìwé rẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ àti ẹ̀dà àkọ́kọ́kọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀, tí ó sì tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ní oṣù kìíní 1916, wọ́n tún fi ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi tí ń jẹ́ Appam. Ọkọ̀ ogun Jámánì mú Appam lójú òkun, wọ́n sì gbé e lọ sí Amẹ́ríkà! Ìwé náà tún là á já, ó sì jáde ní 1921, nígbà tí Dókítà náà pàápàá ti kú ní 1920. Ìwé ìtàn tí gbogbo wa ń tọ́ka sí lónìí, ara ìwé pélébé tí ẹlòmíràn ì bá ti fi dáná ni ó ti jáde.

Ọ̀rọ̀ yìí tù mí nínú díẹ̀. Ohun tí ó tù mí nínú jù, bí n kò bá ní purọ́, ni pé ó ṣe àwọn ọ̀gá pàápàá. Iléeṣẹ́ GitLab, tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ń kó iṣẹ́ wọn pamọ́ sí, fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa dátábéèsì rẹ̀ rẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní 2017. Òṣìṣẹ́ kan ni ó ń tún nǹkan ṣe lóru, ó rò pé sáfà kan ni òun wà, òmíràn ni ó wà. Wọ́n ní ọ̀nà márùn-ún tí wọ́n gbà ń ṣe ẹ̀dà ìpamọ́. Kò sí ọ̀kan tí ó ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ nígbà tí wọ́n nílò rẹ̀. Ọ̀kan ti ń kùnà láti ìgbà pípẹ́, lẹ́tà tí ó yẹ kí ó kìlọ̀ fún wọn kò sì dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ̀dà kan tí òṣìṣẹ́ kan fi ọwọ́ ṣe ní bí wákàtí mẹ́fà ṣáájú, nítorí iṣẹ́ mìíràn, ni ó yọ wọ́n. Fílááṣì ọmọbìnrin wa nìyẹn, ní èdè òyìnbó.

Ti orílẹ̀-èdè South Korea tún wá ju èyí lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án 2025, ní ìlú Daejeon, wọ́n ń kó bátìrì líthíọ́ọ̀mù kúrò nínú yàrá tí àwọn sáfà ìjọba wà. Iná sọ. Àká kan tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń kó ìwé iṣẹ́ wọn sí, G-Drive, jóná pẹ̀lú ohun tí ó tó tẹrabáìtì 858, kò sì sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn, nítorí pé wọ́n ní ó ti tóbi jù. Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ gbé bátìrì ínfátà sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ dákun, ẹ ya àwọn méjèèjì nípá.

Àwa ará Ìbàdàn kò nílò kí iná kọ́ wa. Ẹni tí ó bá rí Ọ̀gùnpa ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, tàbí òjò ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, mọ̀ pé omi kì í béèrè bóyá ìwé ni ó wà nínú ilé. Nítorí náà ẹ̀dà mẹ́ta ni a ní báyìí. Ọ̀kan wà lórí sáfà tí a háyà, ọ̀kan wà nínú háàdì dísìkì ní ọ́fíìsì, ọ̀kan sì wà nílé akápò ní orí òkè, a sì ti fi ọ̀rọ̀ ìwọlé ti àwọn ẹ̀dà náà pa kí ẹni tí ó bá jí wọn má baà mọ gbèsè ẹnikẹ́ni.

Ní oṣù tí ó kọjá a tún kó ẹrù lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí pé àwọn tí a háyà sáfà lọ́wọ́ wọn fi owó kún owó. Ẹ̀rù bà mí. Lọ́tẹ̀ yìí, a kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn ná: a ní kí ètò àtijọ́ má gba ẹ̀sùn mọ́, kí ó má sì yọ ímeèlì mọ́, nítorí pé bí ètò méjì bá ń yọ lẹ́tà nínú àpótí kan ṣoṣo, èyí á mú díẹ̀, tọ̀hún á mú díẹ̀, ẹjọ́ á sì pín sí méjì. A da ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ. Iná lọ ní àárín rẹ̀. Fáìlì wà níbẹ̀, ó sì dà bíi pé ó pé, ṣùgbọ́n ọmọ wa ti gbọ́n: ó lọ wo ìlà tí ó kẹ́yìn. Bí ẹ̀dà dátábéèsì yìí bá pé, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni yóò kọ "Dump completed" sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Kò sí níbẹ̀. Ó tún un dà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ó dé ilé tuntun, a ka iye ẹ̀sùn ní ìhín àti ní ọ̀hún. Lẹ́yìn náà mo jókòó fúnra mi, mo ṣí èyí tí ó pẹ́ jù, mo ṣí èyí tí ó dé kẹ́yìn, mo ṣí ogún tí ó ní àwòrán. Mo sì wá ọ̀rọ̀ náà "ọṣẹ", mo rí i pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Sáfà àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀ ní títì pa, a ó san owó rẹ̀ fún oṣù méjì sí i kí a tó pa á rẹ́. Alága ní ìnáwó ni. Mo ní kí ó bá ìyá ọlọ́ṣẹ sọ ọ́.

Ìyá wá ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá láti tún yáwó. Tíṣà náà ni ó tún ṣe onídùúró rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kò jọ wá, wọ́n kò sì tíì máa rẹ́rìn-ín sí ara wọn bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo ṣàlàyé ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ìyá, mo fi háàdì dísìkì hàn án. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Ó dára, ọmọ mi. Ẹ tẹ tèmi sórí pépà." Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ká a ní mẹ́rin, ó so ó mọ́ etí ìró, ó sì gba ọ̀nà Ọjà'ba lọ.